Ẹ Yẹ Igbà Yín Wò: Ìkìlọ̀ fún Awakọ̀ àti Èrò Òkè-Ògùn

Akọ̀pẹ tó fẹ́ gun ọ̀pẹ láàárọ̀ kì í kọ́kọ́ gbójú sókè wo ẹyìn. Igbà ọwọ́ rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ wò. Á nà án, á fi àtàǹpàkò tẹ ibi tó ti ń họ, á wo ojú kókó, á wá fi ìdí tì í lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. Bí igbà náà kò bá dá a lójú, á ká a kọ́ apá, á padà sílé. Ẹnikẹ́ni kò ní pè é ní ojo. Tọmọdé tàgbà ló mọ̀ pé igbà yẹn nìkan ló wà láàárín akọ̀pẹ àti sàréè.

Akọ̀pẹ yìí kan náà dé gáréèjì ní Ṣakí lọ́jọ́ kejì, ó ń lọ sí Ìbàdàn. Ó san owó ọkọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ wọlé, ó jókòó, ó gbé báàgì lé itan. Bóyá bẹ́líìtì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ o, bóyá kò sí, kò tilẹ̀ wo ibẹ̀. Ọkọ̀ bọ́ sójú títì, ó ki eré mọ́lẹ̀. Ọkùnrin tí kò jẹ́ gun ọ̀pẹ mítà mẹ́wàá láìyẹ igbà wò ti wá wà lórí ohun tó léwu ju ọ̀pẹ lọ, kò sì sí okùn kankan ní ìdí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ igbà yìí ni mo fẹ́ bá ará Òkè-Ògùn sọ, láti Ìsẹ́yìn dé Kìṣí, láti Òkèhò dé Ìgbẹ́tì. Ọ̀rọ̀ náà le, n kò sì ní fi oyin pa á. Bẹ́líìtì tó wà nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ èrò wa ti gbó, ti òmíràn ti já, ti òmíràn wà lábẹ́ àga níbi tí ọwọ́ kò lè tó o mọ́. A rí i, a sì ń wọ ọkọ̀ náà lọ lójoojúmọ́ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe.

Títì dára, ikú náà yára

Nígbà tí ọ̀nà wa kún fún kòtò, kòtò fúnra rẹ̀ ni bíréèkì. Ẹni tó bá gba Móníyà bọ̀ sí Ìsẹ́yìn láyé ìgbà náà mọ̀ pé ẹ̀yìn ló máa ń dun èèyàn, ọkọ̀ kò ráyè sáré. Lónìí, wọ́n ti tún kìlómítà 65 ọ̀nà náà ṣe, ó ń dán, a sì dúpẹ́. Iṣu wa, àgbàdo wa àti gbágùúdá wa ń tètè dé ọjà Bódìjà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tuntun kò sọ ọkọ̀ di tuntun. Tókunbọ̀ tí òyìnbó ti lò títí tó fi sú u, tó gba orí omi dé Kọ̀tọ́nú tàbí Èkó, ló ń sá eré tuntun lórí ọ̀nà tuntun pẹ̀lú bẹ́líìtì àtijọ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ń sá kìlómítà 80 ní wákàtí kan tó sì lọ kọ lu igi, ìyà tó máa jẹ ara ẹni tí kò de bẹ́líìtì kò yàtọ̀ sí ti ẹni tó já bọ́ láti orí ohun tó ga tó mítà 25. Ilé alájà mẹ́jọ nìyẹn. Bó bá ń sá 100, gíga náà á di nǹkan bíi mítà 39. Ẹ rántí bèbè àpáta Adó-Àwáyè, níbi tí àgbàlagbà pàápàá ti ń fi ìdí wọ́lẹ̀ kó tó yọjú wo ìsàlẹ̀. Kò sí ìyá tó máa jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ sáré níbẹ̀. Ìyá yẹn kan náà ló ń gbé ọmọ lé itan níwájú ọkọ̀, tó ń sọ fún awakọ̀ pé, “Ẹ jọ̀ọ́ ẹ sáré díẹ̀, ọjà ti ń tú.”

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ kò ṣòroó yé. Bí ọkọ̀ bá kọ lu nǹkan, ọkọ̀ ló dúró, ara tìrẹ kò tíì dúró. Eré tí ọkọ̀ ń sá ni ara rẹ ṣì ń sá, títí nǹkan kan yóò fi dá a dúró. Bí bẹ́líìtì kò bá dá a dúró, sitíárìn á dá a dúró, tàbí gíláàsì, tàbí orí ẹni tó jókòó níwájú rẹ, tàbí ọ̀dà títì.

Ọmọ ọwọ́ ńkọ́? Ìyá á ní òun á dì í mú. Ọmọ tó wúwo tó kìlógíráàmù mẹ́wàá, bí ọkọ̀ tó ń sá 80 bá dúró láàárín ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá, á fa apá ìyá rẹ̀ pẹ̀lú agbára ohun tó lé ní igba kìlógíráàmù. Àpò sìmẹ́ńtì mẹ́rin nìyẹn, tí wọ́n sọ lù yín lẹ́ẹ̀kan náà. Ta ni nínú wa tó lè fi ọwọ́ méjì mú un? Ìfẹ́ ìyá pọ̀, ṣùgbọ́n iṣan apá rẹ̀ kò tó. Bí ìyá náà bá tún fi bẹ́líìtì kan ṣoṣo de ara rẹ̀ àti ọmọ pọ̀, ó ti sọ ọmọ di tìmùtìmù tí ìwúwo òun fúnra rẹ̀ yóò fún pa.

Bí bẹ́líìtì ṣe ń ṣiṣẹ́, àti bó ṣe ń kú

Ọmọ ilẹ̀ Sweden kan, Nils Bohlin, tó ti kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ àga ọkọ̀ òfuurufú, ló ṣe bẹ́líìtì tó mú èjìká àti ìdí pọ̀ fún ilé-iṣẹ́ Volvo ní 1959. Volvo kò sọ ọ́ di ohun àdáni; wọ́n gba gbogbo ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe mọ́tò láyè láti lò ó. Ní 1970, ìpínlẹ̀ Victoria ní Australia fi òfin de gbogbo ènìyàn láti máa dè é, àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn sì tẹ̀ lé wọn. Ní Britain, òfin náà múlẹ̀ fún ìjókòó iwájú ní ọjọ́ 31, oṣù Kìíní, 1983. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé bẹ́líìtì lè dín ewu ikú èrò inú mọ́tò kù dé ìdajì. Ẹ fojú inú wo ìyẹn: nínú ẹni méjì tí ìjàǹbá ì bá pa, ó ṣeé ṣe kí okùn kan dá ẹnì kan padà fún àwọn ará ilé rẹ̀.

Okùn yìí ní ilé tó ń ká wọ̀. Nínú ilé náà, irin róbótó kan wà tí etí rẹ̀ ní eyín bíi ti ayùn. Bí ẹ bá fa bẹ́líìtì jẹ́jẹ́, á máa tú. Bí ọkọ̀ bá já dúró lójijì, tàbí bí a bá já bẹ́líìtì gbà, irin kékeré kan á ṣí kúrò níbi tó wà, á ti èékánná irin bọ àárín eyín náà, okùn á sì gán. Ọgbọ́n rẹ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ: èékánná àti eyín. Bí ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì bá ti jẹ, tàbí tí ìdọ̀tí bá dí wọn, okùn á máa tú lọ gbọọrọ ní ọjọ́ tó yẹ kó gán.

Ilẹ̀ tiwa ilẹ̀ ọ̀dàn ni. Ẹ mọ ohun tí ọyẹ́ máa ń ṣe. Eruku tó wọ inú rédíò, tó wọ inú àpótí aṣọ tí a tì pa, kò ní kọ̀ láti wọ ilé bẹ́líìtì. Eruku pupa ojú ọ̀nà oko á bá a níbẹ̀, òógùn èrò á pò ó pọ̀, á di ẹrẹ̀, á gbẹ. Ìdí nìyẹn tí bẹ́líìtì púpọ̀ fi ń lọ́ra láti ká padà, tó ń ṣe bí arúgbó tó ń gun òkè. Bẹ́líìtì tó ti ń lọ́ra ti ń ṣàìsàn. Kí awakọ̀ má sọ pé, “Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn.”

Okùn fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ẹ gbé e lọ fún ahunṣọ ní Ìsẹ́yìn, kí ó wò ó. Òun kò nílò kí mẹkáníìkì là á yé òun. Á rí i pé aṣọ híhun ni, ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju bíi sẹ̀ǹtímítà márùn-ún, tó tẹ́ẹ́rẹ́ ju ọ̀já òfì lọ. Á fi ọwọ́ tọ́ etí rẹ̀, torí etí ni gbogbo ahunṣọ ń kọ́kọ́ wò. Bí òwú etí bá ti já níbì kan, yíya kò ní dúró síbẹ̀. Ọjọ́ tí a bá fà á gidi ni yóò ya dé òdìkejì. Á tún mọ̀ pé aṣọ tí oòrùn ti pa láwọ̀ kì í ní agbára bíi ti tẹ́lẹ̀. Ọkọ̀ tó ń dúró sínú oòrùn Òkè-Ògùn láti àárọ̀ dé alẹ́, tí gíláàsì rẹ̀ ń gbóná bí ìkòkò, ọ̀já inú rẹ̀ ń gbó lójú oorun.

Mo ti rí bẹ́líìtì tí ẹni tó ń rán bàtà fi òwú bàtà rán pọ̀. Mo ti rí èyí tí wọ́n ta ní kókó kó lè kúrú. Mo ti rí èyí tí wọ́n fi bẹntiróòlù fọ̀ kó lè mọ́. Nínú ọkọ̀ kan tí mo wọ̀ láti Ṣakí, irin bẹ́líìtì wọ inú ihò rẹ̀, ó dún “kẹ́!”, inú mi dùn. Nígbà tí mo fà á wò, gbogbo rẹ̀ tẹ̀ lé ọwọ́ mi, pẹ̀lú bóòtù tó yẹ kó dè é mọ́ ilẹ̀ ọkọ̀. Ìpẹtà ti jẹ ilẹ̀ náà tán lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Awakọ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní, “Bàbá, ẹ ṣáà fi kọ́rùn, Road Safety kò ní wo ìdí rẹ̀.” Mo sọ̀ kalẹ̀. Àwọn tó kù lọ. Ọlọ́run bá wọn dé, ṣùgbọ́n n kò ka dídé wọn sí ẹ̀rí pé mo ṣe àṣejù.

Bẹ́líìtì tó ti gba ẹnì kan là nínú ìjàǹbá ti parí iṣẹ́ rẹ̀. Òwú inú rẹ̀ ti nà ju bó ṣe yẹ lọ, ojú lásán kò lè rí i. Síbẹ̀ irú rẹ̀ ni wọ́n ń gé nínú ọkọ̀ tó ti fọ́, tí wọ́n ń tà ní ibi tí wọ́n ti ń ta àlòkù, tí mẹkáníìkì ń fi sínú ọkọ̀ èrò. Ẹ̀wù òkú ni wọ́n wọ̀ fún alààyè yẹn.

Ọ̀rọ̀ àga tún wà níbẹ̀. Jórinjórin á yọ àga tó bá ọkọ̀ wá, á jó bẹ́ǹṣì sí i kí èrò mẹ́rin lè jókòó síbi tó yẹ ẹni mẹ́ta. Kò sí bẹ́líìtì lára bẹ́ǹṣì náà, irin tó sì gbé e dúró kò nípọn ju ti férémù fèrèsé lọ. Bí ọkọ̀ bá gbá nǹkan, bẹ́ǹṣì á tú, á gbé èrò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, á fi wọ́n sọ ẹ̀yìn àwọn ti iwájú. Onímọ́tò tó jó bẹ́ǹṣì yẹn gba owó ẹnì kan sí i lórí ìrìn kọ̀ọ̀kan. Kó ṣírò ohun tó fi ṣe pàṣípààrọ̀.

Ọ̀pá orí itan

Ẹnì kan lè ní, “Ọkọ̀ àtijọ́ ni, kí la fẹ́ ṣe?” Mo gbọ́. Ẹ jẹ́ kí n mú yín dé ibi tí ohun tó ti gbó ju ọkọ̀ yín lọ ti ń gbé èrò lójoojúmọ́.

Ní Coney Island, ní New York níbi tí àwọn ọmọ wa pọ̀ sí, wọ́n ní ọkọ̀ eré kan tí wọ́n ń pè ní Cyclone. Rólà kọ́sítà onígi ni: ọkọ̀ tí kò ní òrùlé, tó ń gun òkè tí wọ́n fi pákó tẹ́, tó wá ń já ṣòòròṣò sísàlẹ̀ kí èrò lè pariwo. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 26, oṣù Kẹfà, 1927. Òkè rẹ̀ tó ga jù tó nǹkan bíi mítà 26. Ẹ rántí ìṣirò wa: ohun tó bá já láti gíga yẹn á dé ìsàlẹ̀ pẹ̀lú eré bíi kìlómítà 80 ní wákàtí kan. Eré tí òyìnbó ń sanwó kí ẹ̀rù lè bà á ni a ń sá lọ sọ́jà.

Ohun tó ń mú èrò dúró nínú irú ọkọ̀ eré àtijọ́ bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pá irin tí wọ́n fi fóòmù bò, tó ń sọ̀ kalẹ̀ wá dábùú itan. Nínú àwọn kan, èékánná àti eyín ló ń tì í, bíi ti bẹ́líìtì wa gan-an. Nínú àwọn mìíràn, ojú kan ṣoṣo ló ti ń gán, ọ̀pá kan sì ni fún ẹni méjì. Àbùkù ńlá nìyẹn. Ọ̀pá tó gba itan ẹni tó sanra láyè máa ń jìnnà sí itan ọmọdé tó jókòó tì í, ọmọ náà á wà ní gbayawu. Àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ mọ àbùkù yìí, ìdí sì nìyẹn tí wọn kì í fi ojú kéré rẹ̀. Láàárọ̀, kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn fún èrò, àwọn mẹkáníìkì á yẹ ojú ìdè ọ̀pá wò, wọ́n á wo sípíríìnì àti eyín rẹ̀, wọ́n á wá rán ọkọ̀ náà lọ ní òfìfo kó lọ kó bọ̀. Nígbà tí èrò bá jókòó, òṣìṣẹ́ á rìn láti iwájú dé ẹ̀yìn, á tẹ ọ̀pá kọ̀ọ̀kan mọ́lẹ̀, á tún fà á sókè. Kò ní béèrè pé, “Ṣé ó ti dè?” Ọwọ́ rẹ̀ ló ń bi í. Bí ọ̀kan bá jáwọ́, ọkọ̀ kò ní gbéra.

Ibi tí ìṣọ́ra bá ti yẹ̀, ojú ti rí i. Ní ọjọ́ 19, oṣù Keje, 2013, ní ọgbà Six Flags Over Texas, obìnrin kan já bọ́ láti orí kọ́sítà kan tí wọ́n kọ́kọ́ fi igi ṣe ní 1990, tí wọ́n sì fi irin rọ́pò ojú ọ̀nà rẹ̀ ní 2011. Ọ̀pá wà lórí itan rẹ̀. Ó kú. Kí wọ́n tó tún ṣí i nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn, wọ́n ti fi bẹ́líìtì kún ọ̀pá náà. Ọdún mẹ́wàá ṣáájú, ní ọjọ́ 31, oṣù Karùn-ún, 2003, obìnrin mìíràn ti já bọ́ láti orí Raven, kọ́sítà onígi ní ìpínlẹ̀ Indiana. Àwọn tó ṣèwádìí rí i pé ọ̀pá náà ń ṣiṣẹ́. Wọ́n bá bẹ́líìtì ní títú, àwọn tó wà níbẹ̀ sì rí i tó dìde dúró.

Ẹjọ́ méjèèjì wúlò fún wa. Èkínní ń bá olówó ọkọ̀ wí: pé nǹkan ààbò wà nínú ọkọ̀ kò sọ pé ó tó. Èkejì ń bá èrò wí: nǹkan ààbò tó pé pérépéré kò lè gba ẹni tó tú u là. Bí àwọn tó ń fi ọkọ̀ ṣeré bá lè fi ọwọ́ fa ọ̀pá kọ̀ọ̀kan wò kí wọ́n tó rán an lọ ìrìn ìṣẹ́jú méjì, kí ni a ó sọ fún Ọlọ́run nípa ọkọ̀ tó ń ti Ìgbòho lọ sí Ìbàdàn?

Ẹ má tan ara yín jẹ

Mo mọ àwáwí wa tán. Èkínní: “Ẹ̀yìn ni mo jókòó.” Ẹni tó jókòó sẹ́yìn láìde bẹ́líìtì ni òkúta tó wà nínú kànnàkànnà. Bí ọkọ̀ bá dúró, òun ló máa fò bá ti iwájú, á sì pa ẹni tó ti de tirẹ̀.

Èkejì: “Bí iná bá sọ, bẹ́líìtì á há mi mọ́nú ọkọ̀.” Iná kì í sọ nínú ọ̀pọ̀ ìjàǹbá, orí ló máa ń fọ́. Bí iná bá tilẹ̀ sọ, ẹni tí orí rẹ̀ pé nìkan ló lè nawọ́ tú bẹ́líìtì kó sì sá jáde. Ẹni tó ti dákú kò nílò ohun tó máa há a mọ́bẹ̀.

Ẹ̀kẹta: “Ọlọ́run ló ń ṣọ́ni.” Àmín. Awakọ̀ mìíràn so ońdè mọ́ sitíárìn, òmíràn gbé tẹ̀sùbáà kọ́ gíláàsì, òmíràn lẹ ẹsẹ Bíbélì mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀. N kò bá ẹnì kankan jà lórí èyí. Ṣùgbọ́n mo mọ akọ̀pẹ tó ní ońdè lọ́rùn. Ó ṣì ń yẹ igbà rẹ̀ wò.

Ẹ̀kẹrin, òun ló sì burú jù, ni ọgbọ́n ẹ̀wẹ́. Awakọ̀ rí Road Safety lókèèrè, ó fa bẹ́líìtì kọjá àyà, ó jókòó lé irin rẹ̀. Bó bá ti kọjá wọn, ó jù ú sílẹ̀. Òmíràn ra irin kékeré tí wọ́n ń kì bọ ihò bẹ́líìtì kí ọkọ̀ lè dákẹ́ igbe. Ọkọ̀ ń ké fún ẹ̀mí rẹ, o pa á lẹ́nu mọ́. Kí Ìjọba Àpapọ̀ tó dá FRSC, àjọ Road Safety yìí, sílẹ̀ ní 1988, tí wọ́n fi Wọlé Ṣóyínká ṣe alága àkọ́kọ́, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wa yìí ti ní ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tirẹ̀ láti 1977. Ilé wa ni ìkìlọ̀ yìí ti jáde lọ sí gbogbo Nàìjíríà. Ìtìjú ló jẹ́ pé àwa ni a sọ ọ́ di eré bojúbojú. A lè fi ẹ̀tàn rí ojúure ẹ̀ṣọ́ ojú pópó. Igi ìyá tó wà létí títì kì í gba ẹ̀bẹ̀.

Ẹni tó jókòó sórí ẹrù gbágùúdá nínú ọkọ̀ àjàgbé, àti àwọn mẹ́rin tó wà lórí ọ̀kadà kan láti ọjà, ẹ má rò pé mo gbàgbé yín. Kò sí bẹ́líìtì tí mo lè ní kí ẹ yẹ̀ wò. Tiyín ni pé kí ẹ sọ̀ kalẹ̀.

Kí ọkọ̀ tó gbéra

Ẹ̀yin awakọ̀ àti onímọ́tò, iṣẹ́ yìí kò gba ju bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá láàárọ̀. Ẹ fa bẹ́líìtì kọ̀ọ̀kan jáde dé òpin, kí ẹ wo iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ó bá ya, bí etí rẹ̀ bá họ, bí àwọ̀ rẹ̀ bá ti ṣá tó sì le gbandi, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má rán an, ẹ má ta á ní kókó. Ẹ já a gbà lójijì, kó gán. Ẹ kì í bọ ihò rẹ̀, ẹ fà á kíkankíkan, kó má jáwọ́. Ẹ tẹ ibi pupa rẹ̀, kó tú wéré. Ẹ ṣí kápẹ́ẹ̀tì wo bóòtù àti ilẹ̀ tó dè mọ́. Bó bá dọ̀tí, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ fífúyẹ́ ni kí ẹ fi nù ún, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ níbòòji. Ọkọ̀ tó bá ti ní ìjàǹbá, kí bẹ́líìtì tó ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ má tún ṣiṣẹ́ mọ́. Ìjókòó tí kò bá ní bẹ́líìtì, ẹ má ta á fún èrò.

Ẹ̀yin alákòóso gáréèjì, ẹ ń gba owó lórí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan tó ń jáde. Ẹ yan ẹnì kan tí yóò máa rìn láti iwájú dé ẹ̀yìn, tí yóò máa fi ọwọ́ fa bẹ́líìtì èrò kọ̀ọ̀kan wò. Bí ọ̀kan bá jáwọ́, ẹ má gba owó yẹn, ẹ dá ọkọ̀ padà. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Ẹ̀yin èrò, ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó. Bẹ́líìtì èjìká, àárín èjìká àti àyà ni kó gbà, kó má gba abẹ́ apá. Bẹ́líìtì tó jẹ́ ti ìdí nìkan, orí egungun ìbàdí ni kó wà, kó le. Bó bá gòkè sórí ikùn, yóò gé ìfun lọ́jọ́ ìjàǹbá. Aláboyún, abẹ́ ikùn ni kó gbà á, kó má gbé e lé orí ọmọ. Ẹnì kan, bẹ́líìtì kan. Ọmọ kékeré, ẹ̀yìn ni àyè rẹ̀, nínú àga ọmọdé bí agbára bá ká a. Bí awakọ̀ bá sì ní, “Ẹ fi kọ́rùn lásán,” ẹ sọ̀ kalẹ̀. Ọkọ̀ mìíràn ń bọ̀.

Akọ̀pẹ tí igbà rẹ̀ já, òun nìkan ló ń já bọ́. Ó dun ará ilé rẹ̀, ṣùgbọ́n kò wó lu ẹnì kankan. Awakọ̀ ló ń so igbà mọ́ ìdí èrò tí kò bá a tan, tí wọn kò sì mọ orúkọ rẹ̀, ó sì ń gbé gbogbo wọn gun ọ̀pẹ lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá mọ̀ pé igbà náà ti họ tó sì gbéra, kí ó má pè é ní kádàrá nígbà tí wọ́n bá ń kó wọn lọ sí ọsibítù. Ó ti rí i láàárọ̀.